Igbá Afọkòkò

Ní ìlú Ìpóyè láyé àtijọ́, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ògúndíran. Oko àgbàdo rẹ̀ ti di igbó; ìjẹun ló fi lókìkí. Lọ́dọọdún, bí iṣu tuntun bá ti jáde, ìlú mẹ́rin tó wà lágbègbè náà a máa fi àwọn ajẹun wọn díje lórí iyán. Láti ìgbà tí Ògúndíran ti wà lọ́mọ ogún ọdún ni kò ti sí ẹni tó lè bá a jẹ ẹ́ dópin. Wọ́n sọ ọ́ ní Afọkòkò, nítorí ìkòkò tó bá ti ọwọ́ bọ̀ kò nílò omi ìfọ̀ mọ́.

Ajẹun kì í dá lọ síbi ìdíje. Igbá ńlá tí yóò fi jẹun, àwọn ará ilé rẹ̀ ní í bá a rù ú. Bó bá sì borí, àwọn náà ni yóò ru iṣu àti epo tí wọ́n bá fi ta á lọ́rẹ wálé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n máa ń dúró sí. Ìyókù inú igbá ni oúnjẹ wọn. Bí ajẹun bá ti ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ, àwọn tó ń darí ìdíje a fi igi kan etí igbá rẹ̀ pé ó tó, kí ó bojú wẹ̀yìn, kí ó sì na ìyókù sí àwọn tó bá a rẹrù.

Òjéwùmí, àbúrò Ògúndíran, ni olórí àwọn mẹ́ta tó ń bá a rẹrù. Ó ti láya, ó ti bímọ, ó sì ń pa oko tirẹ̀ tì nítorí ẹrù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọdún méjì léraléra ni Ògúndíran jẹ igbá náà mọ́ féfé, tó ní ojú ayé ń wo òun. Ẹni tí kò rẹrù rí kò lè mọ̀ pé ebi wúwo ju iṣu lọ. Wọ́n bá a sọ ọ́, ó sì búra pé kò ní í ṣẹlẹ̀ mọ́.

Lọ́dún kẹta, ìlú Àgbéde ni ìdíje bọ́ sí. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni wọ́n gbéra, wọ́n wọ odò méjì kọjá, omi nìkan ló kan ẹnu àwọn tó rẹrù. Lọ́sàn-án gangan, ajẹun Àgbéde, tí òun nìkan ló ṣẹ́kù tó ń bá Ògúndíran jẹ, gbọ́wọ́ sókè pé ó tó òun. Wọ́n fi igi kan etí igbá Ògúndíran. Ìṣù iyán mẹ́ta ló kù, àti ẹran ìgalà.

Ògúndíran gbọ́ ìró igi náà. Ó gbọ́ bí Òjéwùmí ṣe dá itọ́ mì lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò ń pariwo Afọkòkò, ọwọ́ rẹ̀ sì ti wà nínú igbá. Kò wẹ̀yìn. Ó jẹ ìṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ẹran náà, ó fi ìka nu ọbẹ̀, ó lá ìka.

Wọ́n kó ogójì iṣu àti kèǹgbè epo fún un. Ó ní kí àwọn ará rẹ̀ tètè gbé e, ilé jìn.

Òjéwùmí kò mira. "Ẹ̀gbọ́n, kí ni àwa jẹ?"

"Ẹ ó jẹun bí a bá délé. Àbí iṣu kọ́ nìyí?"

"Iṣu yín ni. Lọ́dún tó kọjá, ẹyọ kan kò kàn wá."

Ògúndíran rẹ́rìn-ín. "Ṣé ìwọ lo borí ni?"

"Àwa kọ́. Ikùn yín ló borí. Kó wá rẹrù rẹ̀."

Òjéwùmí ṣí òṣùká orí rẹ̀, ó jù ú sínú igbá tó mọ́ féfé náà. Àwọn méjì yòókù ju tiwọn sí i. Wọn kò bú u. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n lọ.

Ògúndíran bẹ àwọn ará Àgbéde kí wọ́n bá òun rẹrù. Àwọn tó ń pariwo orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká. Ìyá àgbà kan yọjú wo inú igbá, ó bi í pé kí ló ṣẹ́kù níbẹ̀ tí èèyàn yóò torí rẹ̀ rù ú. Ògúndíran fẹ́ di iṣu fúnra rẹ̀, ikùn rẹ̀ kò jẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀. Ó fi iṣu sílẹ̀, ó fi epo sílẹ̀. Igbá nìkan ni kò lè fi sílẹ̀, nítorí ti bàbá rẹ̀ ni.

Àwọn ará Ìpóyè ti jókòó lẹ́nu ibodè láti kí i kú oríire. Wọ́n rí Afọkòkò tó ń dá bọ̀, òṣùká lórí, igbá òfìfo lórí òṣùká. Orin kú mọ́ wọn lẹ́nu. Ó dúró láàárín wọn, ó ń retí ẹni tí yóò bá a sọ ẹrù kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó dìde.

Ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti bọ́ sẹ́nu àwọn àgbà, tí wọ́n sì fi ń ṣe ìkìlọ̀ títí dòní pé: àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.