Ìdílé Tó Kàn Níbi Ìdíje Ọba Erin

Ọdún tí wọ́n fi páànù bo ilé ẹ̀kọ́ ìlú wa ni mo kọ́kọ́ gbọ́ àlọ́ yìí, lẹ́nu ìyá tó bí bàbá mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, n kò sì mọ lẹ́tà kan. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún kí n tó kọ́ ìwé kíkà. Bí mo ṣe ń pa á fún àwọn ọmọ agbo ilé wa, Oyèékànmi, Fádérera àti àwọn yòókù, ni mo ṣe kọ ọ́ síbí.

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Mo ní, ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀ọ̀ọ̀!"

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ẹranko àti ènìyàn jọ ń gbé, tí ọmọ wọn jọ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan náà, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Etídò. Agbo ilé mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ilé Àgbọ̀nrín ni Baálẹ̀ ti wá. Ilé Òbúkọ tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta ni ilé Amọ̀kòkò, àwọn ènìyàn tó ń fi amọ̀ ṣe ìkòkò.

Gbogbo nǹkan ni wọ́n ń ṣe ní ìdílé-ìdílé ní Etídò. Bí ilé Àgbọ̀nrín bá kọ́kọ́ jẹ iṣu tuntun lọ́dún yìí, ilé Òbúkọ ni yóò kọ́kọ́ jẹ ẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, kí ó tó kan ilé Amọ̀kòkò. Ẹni tí yóò ṣáájú lọ́jọ́ ọdún, bẹ́ẹ̀ náà ni. Wọn kì í jà rárá.

"Ìyẹn dára, Bàbá," ni Oyèékànmi wí.

"Ó dára. Jẹ́ kí n dé ibi tí kò ti dára, ìwọ ọmọ yìí."

Ní ọjọ́ kan, fìì! Àwòdì já wálẹ̀ láti ojú ọ̀run, ó bà sórí òrùlé Baálẹ̀, lẹ́tà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará Etídò! Ọba Erin, tó ni ilé ẹ̀kọ́ ńlá Òkè Ọ̀dàn, ló rán mi. Ìdíje ìmọ̀ ń bọ̀ ní ọjọ́ kẹtàdínlógún òní. Kí ìlú kọ̀ọ̀kan mú ọmọ kan wá, tí kò ju ọdún méjìlá lọ. Ọmọ tó bá gbégbá orókè yóò kàwé ní Òkè Ọ̀dàn fún ọdún mẹ́fà, lọ́fẹ̀ẹ́!"

"Lọ́fẹ̀ẹ́?" Gbogbo ìlú ló kígbe.

"Lọ́fẹ̀ẹ́! Ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, aṣọ lọ́fẹ̀ẹ́, bàtà lọ́fẹ̀ẹ́, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́!"

"Bàbá, sikọ́láṣípù nìyẹn!" Fádérera ti dìde dúró.

"Òun náà ni. Jókòó, o ń da eruku sí mi lójú."

Etídò gbóná! Ọmọ ń sáré, ewúrẹ́ ń fò, àwọn ìyá ń pe orúkọ ọmọ wọn. Tíṣà wọn, Lékeléke, tí aṣọ rẹ̀ máa ń funfun báláú, kò dúró di ọjọ́ kejì. Ó kó gbogbo ọmọ jọ sábẹ́ igi, ó dán wọn wò.

"Ta ló gbapò kìíní nínú ìṣirò?"

"Ìbídùn!"

"Nínú ìwé kíkà ńkọ́?"

"Ìbídùn!"

"Nínú àkọtọ́?"

"Tíṣà, ẹ má bi wá mọ́. Ìbídùn ni!"

Ìbídùn yìí, ọmọ ilé Amọ̀kòkò ni. Ìyá rẹ̀ kò ní ìwé tí yóò rà fún un, nítorí náà èédú ló fi ń kọ ìṣirò sára àpáàdì. Ó ti kọ àpáàdì títí, kò sí ibi téèyàn lè fẹsẹ̀ tẹ̀ lẹ́yìnkùlé wọn. Ọdún méjìlá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pé. Kò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. "Ìyá mi," ló ń wí, "mo máa lọ! Mo máa lọ!"

Ní ọjọ́ kẹta, Baálẹ̀ Àgbọ̀nrín pe ìpàdé.

"Ọ̀rọ̀ yìí kò le," ni Baálẹ̀ wí. "Ilé wo ló ṣáájú lọ́jọ́ ọdún tó kọjá?"

"Ilé Àgbọ̀nrín!"

"Ilé wo ló wá kàn?"

Ni ilé Òbúkọ bá fò dìde, wọ́n gbé orin. Ẹ gbè é:

*Ìdílé wo ló kàn o?*
"Jàn-án-jàn-án, ó kàn wá!"
*Ilé Òbúkọ ló kàn o,*
"Jàn-án-jàn-án, ó kàn wá!"
*Ká múra, ká lọ bá Ọba Erin,*
"Jàn-án-jàn-án, ó kàn wá!"

Lékeléke dìde. "Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́. Iṣu kọ́ là ń jẹ. Ìdíje ni. Ìbídùn ló mọ̀wé jù."

"Tíṣà, àlejò ni yín. Ẹ ò tíì mọ bí a ṣe ń ṣe é níbí."

Ìyá Ìbídùn kúnlẹ̀. "Baálẹ̀, ọmọ mi ti pé méjìlá. Bí èyí bá kọjá, kò tún lè dù ú mọ́."

"Ìyá Ìbídùn, ẹ ní sùúrù. Lẹ́yìn ilé Òbúkọ, ẹ̀yin ló kàn. Ta ló fi tiyín dù yín?"

Ọmọ Òbúkọ tí wọ́n fẹ́ rán ń jẹ́ Irungbọ̀n. Ó fa aṣọ bàbá rẹ̀. "Bàbá mi, èmi ò mà mọ̀wé."

"Ta ló bi ọ́ léèrè ìwé?" ni Òbúkọ wí. "Ipò ilé wa ni. Gbé àgbọ̀n rẹ sókè!"

"Áà! Wọ́n ṣìkà," ni Fádérera wí.

"Wọn kò ṣìkà. Wọ́n rò pé òdodo ni wọ́n ń ṣe. Ẹ máa gbọ́."

Ìbídùn sunkún ọjọ́ kan. Ní ọjọ́ kejì, ó nu ojú, ó mú èédú, ó lọ sí ilé Òbúkọ. "Irungbọ̀n, wá, jẹ́ kí n kọ́ ọ." Ó kọ́ ọ láàárọ̀, ó kọ́ ọ nírọ̀lẹ́. Irungbọ̀n ń gbìyànjú, àmọ́ bí wọ́n bá ti dé ìlà kẹta, oorun ni.

Ọjọ́ pé! Ìlú méje ló péjọ sí pápá Òkè Ọ̀dàn. Aṣọ ń dán, ìlẹ̀kẹ̀ ń dún, àwọn ọmọ ń fi ìka ṣe ìṣirò. Ọba Erin jókòó, etí rẹ̀ gbòòrò bí ẹní, ìwé ńlá kan wà níwájú rẹ̀, orúkọ ọmọ méje ló wà nínú rẹ̀.

"Mo kí gbogbo yín," ni Ọba Erin wí. "Ìlú tó bá fẹ́ pa orúkọ ọmọ rẹ̀ dà, kó pa á dà báyìí. Bí agogo bá ti lù, ó parí."

Irungbọ̀n sáré lọ bá Baálẹ̀. "Baálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Ìbídùn rọ́pò mi!"

"Baálẹ̀, ẹ gbọ́ tọmọ," ni Lékeléke wí.

Baálẹ̀ wo Ìbídùn. Ó wo Òbúkọ. Òbúkọ ń wò ó padà, kò ṣẹ́jú. Baálẹ̀ rò ó pé, bí òun bá fo ilé kan lónìí, ta ni yóò gbà fún òun bó bá di ọdún iṣu? Ó pa ẹnu mọ́.

Gbáán!

"Ìbéèrè kìíní! Ènìyàn mẹ́rin àti adìẹ mẹ́ta wà nínú ọgbà kan. Ẹsẹ̀ mélòó ló wà níbẹ̀?"

Irungbọ̀n wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó kà á. Ó tún un kà. Ojú rẹ̀ tàn. "Méjìdínlọ́gbọ̀n, Kábíyèsí!"

"Ó fún gbogbo wọn ní ẹsẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin!" Oyèékànmi ti ṣubú sẹ́yìn, ẹ̀rín ń pa á.

Lábẹ́ igi lọ́hùn-ún, láàárín èrò, Ìbídùn rọra wí pé, "Mẹ́rìnlá."

"Ìbéèrè kejì! Méjìlá lọ́nà méjìlá?"

"Ó pọ̀, Kábíyèsí," ni Irungbọ̀n wí.

"Mẹ́rìnlélógóje," ni Ìbídùn wí lábẹ́ igi.

Ìbéèrè kẹta ni ìwé kíkà. Wọ́n fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tákàdá kan. Ẹ̀rù ti ba Irungbọ̀n, ebi sì ń pa á. Ó gbóòórùn tákàdá náà. Ó tún gbóòórùn rẹ̀. Hàn-ùn!

"Ọmọ Òbúkọ, ka tìrẹ."

"Kábíyèsí, ó ti lọ sínú."

Pápá dàrú fún ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n Ọba Erin kò rẹ́rìn-ín. Ó na etí rẹ̀ méjèèjì. "Mo ń gbọ́ ohùn kan lábẹ́ igi yẹn láti àárọ̀. Ta ni? Jáde wá!"

Ìbídùn jáde, ó kúnlẹ̀ kí Ọba.

"Ka èyí."

Ó kà á. Ó kà á geere, ó dúró níbi àmì ìdúró, ó gbé ohùn sókè níbi ìbéèrè. Nígbà tó kà á tán, ariwo sọ! Ilé Òbúkọ pàápàá ń fò sókè. "Ọmọ wa ni! Ọmọ Etídò ni!"

"Ó wọlé!" Fádérera ń pàtẹ́wọ́.

Ọba Erin ṣí ìwé ńlá. "Kí lorúkọ rẹ?"

"Ìbídùn, láti Etídò."

Ó fi ọwọ́jà rẹ̀, imú gígùn yẹn, tọ ìlà wálẹ̀. "Etídò. Irungbọ̀n ni mo rí níbí." Ó gbójú sókè. "Baálẹ̀, mo dúró dè yín. Mo wò yín lójú kí n tó ní kí wọ́n lu agogo."

"Kábíyèsí, ìdílé ló kàn..."

"Ìdílé wo ló ń ṣe ìṣirò?"

Òbúkọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kábíyèsí, ilé wa yọ̀ǹda! A yọ̀ǹda fún un!"

"Bí mo bá ṣí i fún yín, ìlú mẹ́fà yòókù yóò ní kí n ṣí i fún àwọn náà. Òfin ni mo fi pè wọ́n." Ojú rẹ̀ kò dùn. Ó pa ìwé dé. Ọmọ Ehoro láti ìlú kejì, tó gba méjì nínú mẹ́ta, ló wọ Òkè Ọ̀dàn. Ó sì tún di ọdún mẹ́fà kí ìdíje mìíràn tó wà.

"Bàbá, Ìbídùn á ti di ọmọ ọdún méjìdínlógún!"

"O mọ ìṣirò, Oyèékànmi. Baálẹ̀ náà ṣe ìṣirò yẹn lójú ọ̀nà ilé. Ó pe ìpàdé ní ọjọ́ kejì. Ó ní iṣu ṣì wà ní ìdílé-ìdílé, ṣùgbọ́n bó bá kan ìdíje, ọmọ tí Tíṣà bá dán wò tó sì yege ni wọn yóò máa rán. Òbúkọ ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè pé òun fara mọ́ ọn."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ṣòro: bí a bá pè wá síbi ìdíje, ọmọ tó mọ̀ ọ́n ni ká rán. Ká má bèèrè ilé tó ti wá. Fádérera, bí wọ́n bá mú fọ́ọ̀mù dé ilé ẹ̀kọ́ yín, kọ orúkọ rẹ kí agogo tó lù.

Ibí ni mo gbé àlọ́ mi kalẹ̀. Bí mo bá bù mọ́ ọn, kí ohùn mi há lọ́la. Bí n kò bá bù mọ́ ọn, ẹ pàtẹ́wọ́ mẹ́ta fún mi.

Pá! Pá! Pá!

"Bàbá," ni Fádérera wí, "kí ló wá sọnù gan-an?"

Mo ní: àyè kan ní Òkè Ọ̀dàn. Ọdún mẹ́fà. Ìwé mẹ́jọ lọ́dún, méjìdínláàádọ́ta. Aṣọ méjì lọ́dún, méjìlá. Bàtà kan lọ́dún, mẹ́fà. Ọmọ Etídò kan ṣoṣo ni ìbá ni gbogbo rẹ̀.