Ìdí Tí Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Fi Ń Kùn Kó Tó Ṣiṣẹ́

Nígbà láéláé, ìyẹn láéláé ti àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kì í ṣe ti àwọn baba ńlá wa, ẹ̀rọ kì í kùn kó tó ṣiṣẹ́. Tàdáwà kì í gbẹ. Ẹ lè gbé ẹ̀rọ sí kọ̀rọ̀ yàrá títí ọdún yóò fi yípo. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún tàn án, ìwé á jáde, á dúdú minimini.

Ilé Ìyá Adéwùnmí, olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ní ìlú Ìlá, ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Inú ẹ̀rọ rẹ̀ ni Orí-Ẹ̀rọ ń gbé. Orí-Ẹ̀rọ yìí kéré, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ara rẹ̀ gidigidi. Ẹnu wẹ́wẹ́ ló kún abẹ́ rẹ̀, wọ́n pọ̀ ju ihò asẹ́ lọ. Àwọn ẹnu yìí ló fi ń tu Tàdáwà sórí Bébà. Tàdáwà fúnra rẹ̀ ń gbé lókè, nínú àgbá kékeré tirẹ̀.

Láràárọ̀, wọ́n máa ń kí ara wọn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jí ló ń kí èkejì, kò sì dun ẹnikẹ́ni. Àfi lọ́jọ́ tí Bébà, tí kì í lè pa ẹnu rẹ̀ mọ́, béèrè pé, "Ẹ̀yin méjèèjì yìí, ta ni ẹ̀gbọ́n gan-an?"

Orí-Ẹ̀rọ rẹ́rìn-ín. "Ṣé ìyẹn tún gba ìbéèrè? Èmi ni. Tàdáwà ló yẹ kó máa kí mi."

"Èmi kẹ̀?" ni Tàdáwà wí. "Kí wọ́n tó ronú kan ẹ̀rọ rárá ni mo ti wà nínú ìgò lórí tábìlì akọ̀wé. Ọjọ́ tó o bá kí mi ni màá sọ̀ kalẹ̀."

Orí-Ẹ̀rọ ní kò burú. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó kí èkejì mọ́, Tàdáwà kò sì sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé wà ní ìsinmi, Ìyá Adéwùnmí kò sì ní iṣẹ́ fún wọn. Ooru mú. Tàdáwà díẹ̀ tó kù nínú àwọn ẹnu wẹ́wẹ́ náà gbẹ, ó lẹ̀ típẹ́típẹ́ bí ẹ̀kọ tó gbẹ mọ́ ìkòkò. Orí-Ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n lára, agídí ni kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

Iléèwé wọlé. Ìyá Adéwùnmí tan ẹ̀rọ, ó fẹ́ tẹ àwòrán ajá fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ajá jáde láìní ikùn. Ó tún un tẹ̀, ilà funfun la ojú ajá kọjá.

"Àbí tàdáwà ló tán ni?" Ó wò ó, àgbá kún. Ó pààrọ̀ bébà, Bébà ní ẹjọ́ òun kọ́. Ó ní kí ẹ̀rọ fọ ara rẹ̀, ẹ̀rọ gbọ̀n títí, kò sí ìyàtọ̀. Ló bá yọ Orí-Ẹ̀rọ jáde tòun ti àgbá Tàdáwà, ó gbé e sórí àkísà mímọ́, ó sì lọ mú abẹ́rẹ́.

Orí-Ẹ̀rọ mọ̀ pé ó fẹ́ fi gún ẹnu òun ni. Bí abẹ́rẹ́ bá kan ẹnu rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ẹnu náà á ya, kò sì sẹ́ni tó lè tún un ṣe mọ́. Ààtàn ló kù. Ojú ń tì í, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á jùyẹn lọ.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. "Ẹ má bínú."

Ó ti pẹ́ tí Tàdáwà ti ń retí ọ̀rọ̀ yìí. Inú rẹ̀ dùn gan-an. "O kú ọjọ́ mẹ́ta, àbúrò," ló fèsì, ó sì fi gbogbo agbára sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀nà ti dí. Ẹ̀kán kan péré ló ráyè gbà, ó kán sórí àkísà.

Ìyá Adéwùnmí rí i. "Ó kàn gbẹ ni," ló wí. "Kò tíì bàjẹ́." Ó fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó rẹ aṣọ sínú omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, ó gbé Orí-Ẹ̀rọ lé e, ó sì lọ wá nǹkan jẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni gbogbo ẹnu náà là. Nígbà tó dá a padà sínú ẹ̀rọ, ajá jáde tòun ti ikùn àti ìrù rẹ̀. Inú Orí-Ẹ̀rọ dùn débi pé ó fẹ́ tẹ òmíràn láìrán an.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ìgbàkígbà tí mo bá jí, ẹ̀yin ni màá kọ́kọ́ kí kí n tó ṣe ohunkóhun."

"Èmi náà á máa dá ọ lóhùn," ni Tàdáwà wí. "Ṣùgbọ́n bó o bá tún pa mí tì, màá gbẹ o. Mi ò lè máa jókòó sẹ́nu ẹni tí kò bá mi sọ̀rọ̀."

Láti ọjọ́ náà ni ilà funfun ti ń la ojú ìwé nílé ẹni tó bá pa ẹ̀rọ rẹ̀ tì. Láti ọjọ́ yẹn náà ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń kùn, tó ń sáré síhìn-ín sọ́hùn-ún, tó sì ń tu tàdáwà díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó tẹ ìwé. Ẹ má kánjú mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tán.