Ògúndárí àti Sikánà Tó Kọ̀ Jálẹ̀

Ní agbo ilé kan ní Ìlá, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Ògúndárí. Bí ó bá ti dáwọ́ lé nǹkan, kì í fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Àbúrò rẹ̀, Láníhún, ra kọ̀ǹpútà kan tí ń lo ètò ìṣiṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Línọ́sì, ó gbé e sí pálọ̀ ilé bàbá wọn, ó sì ya àyè kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwọlé ti ọ̀gá, èyí tí a fi ń pàṣẹ fún gbogbo ẹ̀rọ náà, ọwọ́ Láníhún ló wà.

Lọ́dún kan, òjò jò wọ yàrá, ó sì ba fọ́tò kan ṣoṣo tí wọ́n ní tí ìyá wọn tó ti di olóògbé. Fọ́tò náà bu láti etí, ó ń bu bọ̀ síbi ojú. Ògúndárí ní bí òun kò bá tètè gbé e sínú kọ̀ǹpútà, àwọn ọmọ tí a kò tí ì bí kò ní mọ ojú ìyá ńlá wọn láéláé. Ó yá sikánà kan, ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú ìwé sínú kọ̀ǹpútà, ó fi wáyà yúẹsíbì so ó mọ́ kọ̀ǹpútà.

Sikánà tan iná, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ní òun kò rí sikánà kankan. Ògúndárí yọ wáyà, ó tì í bọ ihò mìíràn. Ó wá wáyà mìíràn. Ó pa ẹ̀rọ, ó tún tàn án. Pàbó ni. Ó wá tẹ àṣẹ tí ń to orúkọ gbogbo ohun tí a so mọ́ kọ̀ǹpútà, ló bá rí orúkọ sikánà náà gbangba.

"Ìwọ náà lo rí i, ìwọ náà lo ní o ò rí i!" ó jágbe mọ́ kọ̀ǹpútà.

Ìyàwó rẹ̀, tó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Dúrójayé, ẹ rọra o. Tó bá fi lè dá yín lóhùn, mò ń sá jáde nílé yìí ni."

Ògúndárí tẹ àṣẹ mìíràn pé kí ẹ̀rọ ṣàlàyé ara rẹ̀, ó sì ń fi ìka tẹ̀lé ìlà kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé wọn kò fún Ògúndárí láṣẹ láti fọwọ́ kan sikánà.

"Èmi kẹ̀? Nínú ilé bàbá mi?"

"Ẹ pe Láníhún."

"Láníhún tí mo pọ̀n? Kí n wá máa tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Ṣé kọ̀ǹpútà mọ̀ pé ẹ pọ̀n ọ́n ni?"

Ògúndárí tún gbìyànjú títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Nígbà tó gbé fọ́tò náà wò, ibi tí gèlè ìyá rẹ̀ wà nínú àwòrán náà já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó gbé fóònù.

"Láníhún, jọ̀wọ́, fún mi láṣẹ kí n lo sikánà."

Láníhún dé láti ṣọ́ọ̀bù, ó dọ̀bálẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó fi orúkọ Ògúndárí kún orúkọ àwọn tó lè lo sikánà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jáde kúrò nínú àyè yín, kí ẹ tún wọlé padà, kó lè dá yín mọ̀."

Ògúndárí kùn, ó jáde, ó tún wọlé. Iná sikánà rìn lábẹ́ fọ́tò, ojú ìyá wọn sì yọ, tòun ti ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Nínú ilé, èmi ni ẹ̀gbọ́n," ni Ògúndárí wí nígbẹ̀yìn. "Nídìí ẹ̀rọ yìí, ìwọ ni."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni àwọn àgbà agbo ilé náà gbà mú, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé: ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ ni àgbà lẹ́nu ọ̀nà.