Ilá Yíyan Kò Mú Omi Tòrò

Omi rú, ẹ má bínú sómi. Ọwọ́ tó rò ó ni kẹ́ ẹ bi. Ohun tí Awo Etí-Odò wí nìyẹn lọ́jọ́ tó dífá fún Ọdẹ́jìnmí, àgbẹ̀ onílá òde Ìlámọ̀, tó ń sunkún ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí odò Ìlámọ̀ ṣe ń rí nígbà òjò. Ó nípọn débi pé ọ̀pá ni ẹja fi ń tilẹ̀ rìn. Ẹni tó bá wẹ̀ níbẹ̀ láàárọ̀, kó tó dọ̀sán, àgbàdo ti hù lẹ́yìn rẹ̀. Omi yìí náà ni wọ́n ń mu. Ó ń bá àwọn ọmọdé nínú jà, wọ́n ń yàgbẹ́, wọ́n ń kú. Àwọn ọmọ Ọdẹ́jìnmí kú, kú, kú, ó ku Àwẹ̀ró nìkan. Inú ti ń run òun náà.

Ọdẹ́jìnmí ní kí lòun ó ṣe tí Àwẹ̀ró ò fi ní kú. Ifá ní kó rúbọ. Ifá ò bèèrè màlúù, kò bèèrè aṣọ. Ẹyẹlé ni, àti kóró ilá tó fi pamọ́ sókè àjà fún gbígbìn. Kó pín kóró náà yí gbogbo ilé Ìlámọ̀ ká. Kí kóró má fojú kan iná. Kí oníkálùkù lọ̀ ọ́, kó pò ó mómi díẹ̀, kó dà á sínú ìkòkò omi, kó rò ó, kó sì fi í sílẹ̀. Ilá yóò kó ẹrẹ̀ mọ́ra, yóò wọ́ ọ lọ sísàlẹ̀. Omi òkè ni kí wọ́n bù mu.

Ẹyẹlé ò dun Ọdẹ́jìnmí. Kóró ilá ló dùn ún wọ akínyẹmí ara. Ilá rẹ̀ kì í ṣẹgbẹ́ ilá! Ẹni tó bá fi jẹun lónìí, bó bá dọ̀túnla, òkèlè ṣì ń yọ̀ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Kò sẹ́lòmíràn tó ní irú rẹ̀.

"Bí mo bá pín in, ṣé wọn ò ní gbìn ín? Ta ni yóò wá máa wá tèmi?"

Ló bá ṣe ohun táwọn ahun àgbẹ̀ máa ń ṣe. Ó gbé agbada kaná, ó yan kóró náà kó má baà hù mọ́, ó wá pín in. Èyí tí kò yan, ó kó o sínú akèrègbè, òun ló ń lọ̀ sómi ilé tirẹ̀. Omi ilé rẹ̀ mọ́ gaara, èèyàn lè ka irun imú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Inú Àwẹ̀ró sì dákẹ́.

Ìyá Fálọ́lá, aládùúgbò rẹ̀, ló kọ́kọ́ wá.

"Baba Àwẹ̀ró, ilá tẹ́ ẹ fún wa ń ta sánsán bí ẹ̀pà yíyan. Omi wa ò sì tòrò."

"Ẹ ò rò ó dáadáa ni."

"A rò ó títí, apá fẹ́ẹ̀ yọ lára mi! Àbí ọbẹ̀ lẹ ní ká sè?"

"Bó bá jọbẹ̀, ẹ wá òkèlè tì í."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ̀yìn lélẹ̀. Ìyá Fálọ́lá wò ó.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín, Baba. Ilé yín lomi ti mọ́."

Ṣùgbọ́n ọmọ kì í gbélé baba rẹ̀ nìkan. Ara Àwẹ̀ró yá, ó bọ́ síta lọ ṣeré. Ilé Ìyá Fálọ́lá ni òùngbẹ ti gbẹ ẹ́. Wọ́n bu omi fún un, omi tí wọ́n fi ilá baba rẹ̀ rò. Inú rírun tún dé. Àwẹ̀ró yàgbẹ́ títí, kò dìde mọ́.

Ọdẹ́jìnmí sáré padà tọ Awo lọ. Awo ní, "Kóró ni Ifá ní kí o pín. Eérú nìwọ pín. Ṣé ilé rẹ nìkan lọmọ rẹ ti ń mumi ni?"

Ó gbé akèrègbè jáde, ó pín in délé-délé láìyan. Omi Ìlámọ̀ mọ́. Inú ọmọ ọlọ́mọ dákẹ́. Wọ́n gbin ilá náà, ó hù, wọ́n ń jó, wọ́n ń yọ̀, wọ́n ń yin Awo Etí-Odò. Ọdẹ́jìnmí ò jó; Àwẹ̀ró ti kú kómi tó mọ́.

Ẹni tí a ní kó rúbọ, kó rú u bí a ti wí, lásìkò tí a wí i. Ẹbọ tó pẹ́ kó tó dé náà máa ń gbè. Ọmọ ẹlòmíràn ló máa ń gbè.