Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Awakọ̀ àti Sípíríǹgì Ẹ̀yìn Jíìpù

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Fadérera, ká ẹsẹ̀ rẹ kò. Oyèjídé, fi àgbàdo yẹn sílẹ̀ ná kí etí rẹ lè ráyè. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó fò fẹ̀rẹ̀, ó balẹ̀ gìdì sórí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ẹni tó ń wa jíìpù ìlú àwọn ẹranko.

Láyé ijọ́un, orí òkè ni àwọn ẹranko ń gbé. Ọ̀nà tó lọ sísàlẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà ọkọ̀ kékeré: kòtò níhìn-ín, gegele lọ́hùn-ún, òkúta ràbàtà láàárín. Jíìpù kan ṣoṣo ni gbogbo wọn para pọ̀ rà. Òun ló ń gbé iṣu wọn lọ sọ́jà, òun náà ló ń gbé aláboyún àti aláìsàn lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lọ́wọ́. Ẹfọ̀n, tí í ṣe Baálẹ̀ wọn, gbàdúrà fún un títí, ó wá ní, "Awakọ̀, ẹ̀mí wa la gbé lé ọ lọ́wọ́ yìí o. Ọba òkè ń wò ọ́."

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ṣe àmín. Àmín náà kò kọjá ètè.

Òfin kan wà lórí òkè náà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé àwọn igi ńlá tó yí orísun omi ká, kí omi má baà gbẹ. Igi wọ̀nyí gan-an ni Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń gé nígbà tí gbogbo ìlú bá wà lóko. Á kó gẹdú sẹ́yìn jíìpù, á to iṣu ará ìlú bò ó, á sì gbé e lọ tà fún àwọn tó ń kọ́lé nísàlẹ̀. Gẹdú wúwo. Sípíríǹgì, irin tó gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ dúró, bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀. Nígbà tó yá, ìdí jíìpù ń wọ́lẹ̀ wọ́ọ́wọ́ọ́.

Lọ́jọ́ kan, Ehoro tó ń ta ẹ̀pà lẹ́bàá ọ̀nà kí i. "Bàbá Awakọ̀, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yìn ọkọ̀ yín mà ti lọ sílẹ̀ o."

"Ta ló rán ọ?"

"Ẹnì kankan ò rán mi. Ojú mi ni mo fi rí i."

"Kí ojú rẹ máa wo ẹ̀pà."

Ehoro rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀pà tèmi kì í sá, Bàbá. Mo lè gbójú kúrò lára rẹ̀."

Láti ìgbà náà, ọkàn Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kò balẹ̀ mọ́. Bí Ìgalà bá wúkọ́, á ní òun ni wọ́n ń wúkọ́ sí. Bí ẹyẹlé bá bà lórí ọkọ̀, á ní amí ni. Ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Bí wọ́n bá yẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí wò, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́, wọ́n á sì lé mi kúrò lórí òkè. Àfi kí n gbé ìdí rẹ̀ sókè, kó yé tọ́ka sí mi."

Ló bá wa ọkọ̀ lófìfo, ó kọrí sọ́dọ̀ Òòrẹ̀, alágbẹ̀dẹ tó ń ta sípíríǹgì nísàlẹ̀ òkè. Bó ti ń lọ ló ń wẹ̀yìn, tó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é o:

Mo ń sọ̀kalẹ̀, mo wẹ̀yìn mi o,
*Jẹ́jẹ́, ilẹ̀ ń wò ó.*
Ta ní ń yọjú lábẹ́ igi?
*Jẹ́jẹ́, ilẹ̀ ń wò ó.*
Ehoro ń wò, Ìgalà ń wò,
*Jẹ́jẹ́, ilẹ̀ ń wò ó.*
Ẹrù tí mo rù, n ò ní wí,
*Jẹ́jẹ́, ilẹ̀ ń wò ó.*

Òòrẹ̀ gbé oríṣi sípíríǹgì méjì síta. "Bàbá Awakọ̀, méjèèjì ló máa gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ yín sókè. Gíga wọn dọ́gba, líle wọn ni kò dọ́gba. Èyí le fún ẹrù wúwo. Bí ẹ bá fi í rìn lófìfo, ọkọ̀ á máa ta bí ọ̀pọ̀lọ́, ìfun àwọn èrò á máa gbọ̀n. Èyí kejì rọ̀, ó dára fún èrò àti ẹrù díẹ̀. Bí ẹ bá di ẹrù ńlá lé e, á jókòó. Kí lẹ máa ń rù?"

Ara Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ bù máṣọ. Kí ni Òòrẹ̀ fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ṣé kì í ṣe Baálẹ̀ ló ti bá a sọ̀rọ̀? Bí òun bá na ọwọ́ sí irin tó le, òun ti jẹ́wọ́ nìyẹn.

"Iṣu díẹ̀," ló wí. "Ewé. Àwọn arúgbó tí kò wúwo."

Òòrẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan sípíríǹgì àtijọ́. "Ewé ló tẹ irin yìí rẹ́ báyìí?"

"Ogbó ni. Ìwọ náà ò ní gbó?"

"Mo ti gbó, ìdí mi ò tíì wọ́lẹ̀." Òòrẹ̀ nà ró. "Ẹ gbọ́, Bàbá. Èmi kì í ṣe ọlọ́pàá. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín ni mo máa fi yan irin. Ohun tí ẹ bá fi pamọ́ fún mi, irin ò ní bá yín fi pamọ́."

"Mo ti sọ tèmi. Èyí tó rọ̀ ni kóo fi sí i."

Òòrẹ̀ fi í sí i. Ìdí jíìpù nà ró ṣánṣán. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wà á padà sókè lófìfo, ó ń lọ fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ bí ẹni sùn sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó wo dígí, ó rí Òòrẹ̀ tó ṣì dúró tó ń wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Ṣé ó ń fi òun rẹ́rìn-ín ni, àbí ó ti mọ̀?

Ọjọ́ ìdúpẹ́ ìkórè dé. Wọ́n fẹ́ kó iṣu ọrẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nísàlẹ̀. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìdí ọkọ̀ ti ga báyìí, ta ni yóò mọ̀? Kó tó di pé wọ́n dé, ó ti kó gẹdú tó pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ sẹ́yìn ọkọ̀. Wọ́n to iṣu lé e. Baálẹ̀ Ẹfọ̀n jókòó níwájú, Ehoro gun orí iṣu. Ọkọ̀ gbéra. Ẹ gbè é:

Ẹ má bi mí, mo ń wa ọkọ̀,
*Jẹ́jẹ́, ilẹ̀ ń wò ó.*
Iṣu ló wà lókè, iṣu nìkan,
*Jẹ́jẹ́, ilẹ̀ ń wò ó.*

Wọ́n dé ibi gegele kan tó ga bí ògiri, àfonífojì jíjìn wà lápá òsì. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fún ọkọ̀ níná kó lè gùn ún. Sípíríǹgì tuntun tẹ̀ wálẹ̀ pátápátá. Gbà! Ara ọkọ̀ kan irin tó so taya ẹ̀yìn pọ̀. Gbà! Ó tún kàn án. Ìdí ọkọ̀ wolẹ̀, imú rẹ̀ yọ sókè, taya iwájú kò fẹ́ kan ilẹ̀ mọ́. Ó yí sítíárì sọ́tùn-ún, ọkọ̀ kò gbọ́. Ó tẹ búrẹ́ẹ̀kì, ọkọ̀ ń yọ̀ padà sẹ́yìn, wọ̀ọ́, wọ̀ọ́, sápá àfonífojì.

Baálẹ̀ di ilẹ̀kùn mú. "Ehoro, máa ju iṣu sílẹ̀ kí ẹ̀yìn lè fúyẹ́."

"Ẹ má fọwọ́ kàn án," ni Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wí. "Iṣu ọrẹ ni. Ohun mímọ́ ni."

"Awakọ̀, Olúwa ò ní ká bá iṣu kú."

"Ó máa gùn ún, Baálẹ̀. Ẹ jẹ́ kó mí ná."

Ọkọ̀ tún yọ̀. Òkúta kan já lábẹ́ taya, ó bọ́ sínú àfonífojì. Wọn kò gbọ́ ìgbà tó balẹ̀. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ mọ̀ pé bí iṣu bá kúrò, gẹdú á hàn. Bí kò bá kúrò, gbogbo wọn ń lọ. Síbẹ̀, búrẹ́ẹ̀kì ló tún ń tẹ̀.

Ehoro kò dúró gbọ́ tirẹ̀. Ó ti ń ju iṣu. Lójijì, ó dáwọ́ dúró.

"Baálẹ̀, iṣu ti tán. Nǹkan mìíràn wà níbí."

Ẹfọ̀n yí ọrùn padà. Ó rí èèpo igi náà. Ó mọ̀ ọ́n. Lábẹ́ igi náà, létí orísun omi, ni òun àti ìyá rẹ̀ ti máa ń pọnmi.

"Tì wọ́n dànù," ló wí.

Gbì! Ìdí ọkọ̀ gbéra díẹ̀. Gbì! Ó tún gbéra. Bí èyí tó kẹ́yìn ti bọ́ sílẹ̀, sípíríǹgì nà tán, taya iwájú di ilẹ̀ mú, jíìpù sì gun gegele náà wìì títí dé òkè.

Baálẹ̀ na ọwọ́. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fi kọ́kọ́rọ́ sí i.

"Òòrẹ̀ ló fà á," ló ń wí. "Irin tí kò lágbára ló fún mi. Òun àti Ehoro ló jọ gbìmọ̀ rẹ̀."

"Òòrẹ̀ ò bi yín ní ohun tí ẹ ń rù?" ni Ehoro wí.

"Ó bi mí."

"Kí lẹ sọ fún un?"

"Ewé."

"Irin ewé ló fún ọ nígbà náà," ni Baálẹ̀ wí. "Sọ̀ kalẹ̀."

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fẹsẹ̀ rìn wọgbó lọ. Títí dòní, bí ewé gbígbẹ kan bá ró, á dúró, á wẹ̀yìn, á tún sáré díẹ̀, á tún wẹ̀yìn. Ẹ ń bi mí bóyá wọ́n ń lé e. Kò sẹ́ni tó ń lé e.

Àlọ́ mi ti sọ ẹrù kalẹ̀, ó ti jókòó jẹ́jẹ́. Bí mo bá fi irọ́ pọ̀ ọ́n, kí ohùn mi há nígbà tí mo bá fẹ́ kọrin ìyìn lọ́la.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìyí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ má purọ́ fún ẹni tó ń bi yín léèrè kó lè ràn yín lọ́wọ́, ìbáà ṣe nọ́ọ̀sì, ìbáà ṣe olùkọ́. Bí ẹ bá sì kúnlẹ̀ lálẹ́ yìí, ẹ ka gbogbo ẹrù yín fún Olúwa, ẹ má fi gẹdú sábẹ́ iṣu. Ó ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ kí ẹ tó la ẹnu, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ́wọ́ nìkan ló ń fara balẹ̀ rìn.