Ibà Ìjàpá Nínú Àgbẹ̀dẹ Akókó

Àlọ́ o! — Àlọ̀!

Àlọ́ mi ta pàá, ó fo iná, ó fo ẹwìrì, ó bà lé ẹ̀yìn ahun tó pọ́n rúsúrúsú. Ta ló kùn ún lọ́dà? Ẹ pa ẹnu mọ́ ná, ẹ jẹ́ n sọ ọ́!

Akókó ni alágbẹ̀dẹ wúrà fún gbogbo ẹranko. Òkété, opó, ló ń gbálẹ̀ fún un, èrúpẹ̀ tó bá sì gbá ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹranko ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: ta ló ń gba ìdọ̀tí lówó iṣẹ́? Òkété á gbé e lọ sódò, á fi igbá ṣàn án, èrúpẹ̀ á bómi lọ, wúrà wẹ́wẹ́ á kù sísàlẹ̀. Yẹtí ìgbéyàwó Adùnbárìn, ọmọbìnrin rẹ̀, ló fẹ́ fi rọ lọ́dún náà. Ìgbéyàwó ku ọjọ́ márùn-ún, wúrà kò tíì pé.

Ìjàpá yọjú sí i lódò. Háà! Ọ̀fun rẹ̀ ń dá tòlótòló. "Ohun tí mò ń tẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ nìyí? Ìjàpá, o mà gọ̀ o!"

Ó lọ fi oje igi tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan kun ẹ̀yìn, ó gba àgbẹ̀dẹ lọ.

"Àrọ̀yè o, ọ̀gá! Ìyá Adùnbárìn, ẹ jókòó jàre, ẹ jẹ́ n bá yín gbálẹ̀."

"O ṣeun. Ìgbálẹ̀ rèé."

"Ìgbálẹ̀ kẹ̀? Ẹ̀yìn mi tó o."

Ló bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ó ń yí gbirigbiri, títí dé kọ̀rọ̀ tí ìgbálẹ̀ kò dé rí. Nígbà tó dìde, ilẹ̀ mọ́ féfé. Òkété wò yíká. Èrúpẹ̀ òun dà?

Ẹni tó bá sì ń jáde ní àgbẹ̀dẹ wúrà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wẹ̀ nínú ìkòkò omi ẹnu ọ̀nà, kí wúrà má baà bá a lára lọ.

"Wẹ̀ kí o tó lọ," ni Akókó wí.

"Omi kẹ̀? Yéè! Ibà ń ṣe mí, ọ̀gá. Òtútù ti wọ̀ mí léegun."

Akókó wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí. "Pẹ̀lẹ́ o. Ṣebí iná rèé, sún mọ́ ọn." Ó ti àwo amọ̀ sábẹ́ rẹ̀. "Ìyá Adùnbárìn, ẹ bá a fín iná."

Òkété ń fín iná. Òógùn bo Ìjàpá.

"Ṣé ara ti yá? Ṣé wàá wẹ̀ báyìí?"

"Rárá o! Òtútù ṣì ń mú mi."

"Ẹ fín in sí i, Ìyá Adùnbárìn."

Oje yọ́, ó ń kán tó, tó, tó sínú àwo, tòun tèrúpẹ̀. Nígbà tó yá, Ìjàpá figbe ta: "Yéè! Mo jóná o!" Ó sáré jáde, kò wo ẹ̀yìn.

Wọ́n sun oje náà, wọ́n ṣan eérú rẹ̀. Wúrà inú kọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbá rí ló mú yẹtí méjèèjì pé. Inú Òkété dùn dé ibi tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ó ránṣẹ́ sí Ìjàpá: òun dúpẹ́ iṣẹ́ tó bá òun ṣe, ibà ńkọ́?

Oje tó jóná mọ́ Ìjàpá lẹ́yìn kò bọ́ mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn ahun fi pọ́n rúsúrúsú títí dòní.

Ibi tí àlọ́ mi tú sí rèé. Bí mo bá parọ́, kí n má lè súfèé mọ́. Ẹ gbọ́ ọ: fíì, fíì, fíì!