Alángbá Kọ̀, Kò Sin Oòrùn Sọ́nà

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹnu yín kò tíì jí. Ìdògbé, a ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni o, oorun ti ń kùn ọ́. Ẹ jẹ́ kí n tún un pè.

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ó dáa. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó gba ojú ọ̀nà gbọọrọ kan lọ, ó rìn, rìn, rìn, kò yà sílé ẹnikẹ́ni, àfi ilé Alángbá.

Láyé àtijọ́, nígbà tí Oòrùn ṣì ń fi ẹsẹ̀ rìn, ìlú méjì ló máa ń bẹ̀ wò. Ọ̀kan wà ní òpin ọ̀nà lápá àríwá, èkejì wà ní òpin ọ̀nà lápá gúúsù. Á lọ sí Àríwá, á dúró díẹ̀, á yí padà. Á lọ sí Gúúsù, á dúró díẹ̀, á yí padà. Ibi tó bá wà, ilẹ̀ á tètè mọ́ níbẹ̀, kò sì ní tètè ṣú. Irúgbìn á hù, èso á pọ́n. Ibi tó bá ti kúrò, ojúmọ́ á kúrú, òtútù á mú, wọ́n á fa aṣọ bora, wọ́n á máa retí rẹ̀.

Ní àárín ọ̀nà gan-an, pèrègún kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ààlà. Tí Oòrùn bá ti dé ìdí rẹ̀, ọ̀sán àti òru á gùn bákan náà ní ìlú méjèèjì, ẹnì kan ò ní rẹ́ ẹnì kejì jẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń kọjá ibẹ̀ lọ́dún: nígbà tó bá ń lọ, àti nígbà tó bá ń bọ̀.

Kí lo wí, Àṣàkẹ́? Ọ̀dọ̀ tiwa ńkọ́? Ìtòsí pèrègún ni tiwa. Ìyẹn ni òtútù wa kì í fi í pọ̀. Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

Oòrùn ní ìwà kan. Ọmọ tí a kọ́ ni. Kì í yọ́ kúrò nílé ẹni tó gbà á lálejò. Tó bá di ọjọ́ tó máa padà, á dúró lẹ́nu ibodè, àwọn ará ìlú á jáde, wọ́n á kí i pé ó ṣé, wọ́n á sìn ín dé ìdí pèrègún. Ibẹ̀ ni àwọn ará ìlú kejì á ti wá pàdé rẹ̀. Bí wọn ò bá sìn ín, kò ní lọ.

Ará Àríwá ni Alángbá. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Kò sí ohun tó fẹ́ràn tó kó tẹ́ ikùn lé ògiri gbígbóná, kó dijú. Lọ́dún kan, nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n máa sin Oòrùn ku ọ̀la, ó pe àwọn ará ìlú jọ.

Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé òtútù ọdún tó kọjá dùn mọ́ yín?"

Wọ́n ní, "Kò dùn mọ́ wa."

"Ṣé ẹ fẹ́ kí Oòrùn lọ?"

"A ò fẹ́."

"Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ ń fi ẹsẹ̀ ara yín sìn ín jáde? Ẹ jókòó sílé lọ́la. Ẹ má kí i pé ó ṣé. Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá ó máa lè lọ."

Àgùntàn ní, "Àwọn ará Gúúsù ńkọ́?"

Alángbá ní, "Ṣé èmi ni mo ní kí wọ́n máa gbé ibẹ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì túká.

Ilẹ̀ mọ́. Oòrùn dúró lẹ́nu ibodè. Ó bojú wẹ̀yìn, kò rí ẹnì kankan. Gbogbo ilẹ̀kùn ló tì pa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Mo ti pẹ́ tó lọ́dọ̀ yín o,
*Tẹ̀ẹ́tẹ̀, ẹsẹ̀ oòrùn.*
Ta ni yóò sìn mí sọ́nà?
*Tẹ̀ẹ́tẹ̀, ẹsẹ̀ oòrùn.*
Ará Gúúsù ń retí mi,
*Tẹ̀ẹ́tẹ̀, ẹsẹ̀ oòrùn.*
Ẹ kí mi, kí n máa lọ,
*Tẹ̀ẹ́tẹ̀, ẹsẹ̀ oòrùn.*

Ìlú dákẹ́ rọ́rọ́. Oòrùn padà sí àyè rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó tún kọrin, ìlú dákẹ́ rọ́rọ́. Lọ́jọ́ kẹta, bákan náà.

Ọ̀sán wá ń gùn sí i, òru di bíńtín. Èèyàn á ṣẹ̀ṣẹ̀ fi orí lé ìrọ̀rí, àkùkọ á ti kọ. Odò gbẹ, ewé rọ jọ̀wọ̀lọ̀. Àgùntàn ń mí hẹlẹ hẹlẹ nínú irun rẹ̀, ó ní, "Alángbá, ó tó gẹ́ẹ́." Alángbá ò tilẹ̀ lajú lórí ògiri. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ó ràn."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Lékèélékèé fò dé láti Gúúsù, ó ń gbọ̀n.

Ó ní, "Bàbá Àwẹ̀ró, ọmọ yín ló rán mi."

Àwẹ̀ró ni ọmọ kan ṣoṣo tí Alángbá bí, tó sì fún lọ́kọ sí Gúúsù. Alángbá lajú.

Lékèélékèé ní, "Ó ní kí n kí yín. Ó ti yé ẹyin mẹ́jọ, ó rì wọ́n mọ́ inú iyanrìn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tutù nini. Ó ń fi ikùn ara rẹ̀ bo ibẹ̀ tọ̀sán tòru, ikùn òun náà sì tutù. Ó ní kí ẹ bá òun wádìí ohun tó dá Oòrùn dúró. Ó ní òun mọ̀ pé baba òun á wá nǹkan ṣe sí i."

Alángbá jábọ́ lára ògiri, pàà. Kò dúró gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀. Ó sáré gìrìgìrì dé ibodè.

Ó ní, "Bàbá Oòrùn, ẹ máa lọ. Ẹ dákun, ẹ máa lọ kíákíá."

Oòrùn wò ó. Ó ní, "Alángbá, ṣé ò ń sìn mí ni, àbí ò ń lé mi?"

Ojú tì í. Ó tẹ́ ikùn sílẹ̀ níbẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, èmi ni mo ní kí wọ́n má kí yín. Mo fẹ́ kí ẹ jẹ́ tiwa nìkan." Ó dorí kodò, ó gbé e sókè. "Ẹ ṣé fún gbogbo òwúrọ̀ tí ara mi ti le gan-an, tí ẹ yá mi ní ooru." Ó tún dorí kodò. "Ẹ ṣé fún Àwẹ̀ró. Inú iyanrìn lòun náà wà nígbà náà, ẹ̀yin lẹ mú un yá títí ó fi jáde. N ò kí yín títí dòní."

Àwọn ará ìlú gbọ́ ọ. Ilẹ̀kùn kan ṣí, òmíràn ṣí. Wọ́n jáde, wọ́n gbè é lórin:

Ẹ ṣé o, Bàbá Oòrùn,
*Tẹ̀ẹ́tẹ̀, ẹsẹ̀ oòrùn.*
A yó, ara wa sì yá,
*Tẹ̀ẹ́tẹ̀, ẹsẹ̀ oòrùn.*
Ẹ kí ará Gúúsù fún wa,
*Tẹ̀ẹ́tẹ̀, ẹsẹ̀ oòrùn.*
Ó dàbọ̀, ká tún rí yín,
*Tẹ̀ẹ́tẹ̀, ẹsẹ̀ oòrùn.*

Wọ́n sìn ín dé ìdí pèrègún. Àwọn ará Gúúsù ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn, ọ̀pọ̀ wọn ń sunkún. Àwọn ará Àríwá kí wọn, wọ́n bẹ̀ wọ́n, wọ́n padà sílé. Alángbá nìkan ni kò padà. Ó bá Oòrùn lọ.

Ó bá Àwẹ̀ró lórí iyanrìn, ó ti rù hangogo. Oòrùn ràn síbẹ̀. Ó ràn lọ́jọ́ kìíní, ó ràn lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta iyanrìn mira. Orí kékeré kan yọ, òmíràn yọ, títí wọ́n fi pé méje. Wọ́n dúró de ìkẹjọ. Ìkẹjọ kò jáde.

Àwẹ̀ró kó àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ó wo baba rẹ̀, ó ní, "Bàbá mi, ẹ ṣé tí ẹ bá mi bá Oòrùn sọ̀rọ̀."

Alángbá kọjú sí Oòrùn, ó dorí kodò, ó gbé e sókè, ó dorí kodò, ó gbé e sókè. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń ṣe é. Ẹ̀ ń rí i lára ògiri wa láràárọ̀, ẹ ń sọ òkò lù ú. Ẹ fi í sílẹ̀, ó ń dúpẹ́ ni.

Ibẹ̀ ni mo bá àlọ́ mi dé kí n tó yà sílé. Bí mo bá parọ́, kí oòrùn ọ̀la fo ẹnu ọ̀nà mi dá.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ rèé: tí oore bá yà sọ́dọ̀ yín, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kó kọjá lọ bá ẹlòmíràn. Ẹ ò mọ ọmọ ẹni tó ń dúró dè é níbẹ̀.

Ìdògbé, ta ló se oúnjẹ tó o jẹ lẹ́ẹ̀kan? Ṣé o ti kí i? Dìde, lọ kí i kó o tó sùn.